Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ WA: BÍ A ṢE LÈ GBA ORÚKỌ ALÁÌSÀN SÍLẸ̀ LÁÌ DÓJÚ TÌ Í

Nígbàkígbà tí ìjọ wa bá ṣe ìwòsàn ọ̀fẹ́, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n àwa obìnrin ni a máa ń jókòó sídìí tábìlì tí a ti ń gba orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ kan tí mo kọ́gbọ́n.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Aboyún kan jókòó síwájú mi. Ẹ mọ̀ pé ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ níléèwé. Ohùn mi kò mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo bi í pé, "Oyún ẹlẹ́ẹ̀kẹlòó nìyí? Ṣé èyíkéyìí ti bàjẹ́ rí?" Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà ló gbọ́. Ó ní, "Àkọ́kọ́ ni, mà." Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní òun fẹ́ lọ mu omi, kò sì padà wá mọ́.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Nírọ̀lẹ́, mo wá a lọ sílé. Nígbà tí ó ku àwa méjì, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Màmá, ìyá ọkọ mi ló wà lẹ́yìn mi. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára mi kí n tó wọlé ọkọ yìí, wọn ò sì mọ̀." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ bá nọ́ọ̀sì ní ìkọ̀kọ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Rhesus negative. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá rí bẹ́ẹ̀, oyún tó ti bàjẹ́ sẹ́yìn lè mú kí ara rẹ̀ máa bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú rẹ̀ jà. Abẹ́rẹ́ wà tí a fi ń dènà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tí a ń gún un. Ọ̀rọ̀ tí ohùn mi lé padà sínú rẹ̀ gan-an ni dókítà nílò.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń FI Ọ̀RỌ̀ PAMỌ́?

Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ òpùrọ́. Àwọn àgbà wa ló kọ́ wa pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù kí orúkọ òun àti ti ìyá òun má bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹlòmíràn kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, ojú sì ń tì í. Ẹlòmíràn rò pé owó ni a fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun lẹ́yìn ọ̀la. Ẹlòmíràn sì ní àrùn tí àwọn ènìyàn fi ń sá fún ni.

ÌDÍ TÍ ÌBÉÈRÈ KỌ̀Ọ̀KAN FI WÀ

1. Orúkọ: Táíwò àti Kẹ́hìndé pọ̀ nílùú. Bí a bá gbé fáìlì ẹnìkan fún ẹlòmíràn, oògùn tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ lè wọ ara rẹ̀.

2. Ọjọ́ orí: Ìwọ̀n oògùn ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Bí Màmá kò bá mọ ọdún, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ wá a: ṣé wọ́n ti tó ọmọ iléèwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955? Báwo ni wọ́n ti tó nígbà òmìnira ní 1960? Ṣé wọ́n ti wọlé ọkọ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ní 1973?

3. Oyún àti ọmọ: Ẹni tó ti bímọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè tètè ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ilé ọmọ ẹni tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún rí lè ya nígbà ìrọbí. Agbẹ̀bí ní láti mọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

4. Àdírẹ́sì àti fóònù: Ó kéré tán, oṣù mẹ́fà ni a sábà máa ń fi lo oògùn ikọ́ ife. Bí aláìsàn kò bá wá mọ́, níbo ni a ó ti wá a?

5. Oògùn àti àgbo: Ẹ má ṣe bá wọn wí. Ẹ kàn bèèrè ohun tí wọ́n ń lò, kí dókítà má baà fún wọn ní èyí tí yóò bá a jà.

BÍ A Ó TI ṢE É

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Nítorí náà:

(a) Ẹ kọ́kọ́ kí ènìyàn dáadáa, kí ẹ fún un níjòókòó, kí ẹ tó mú bírò.
(b) Ẹ jẹ́ kí ìlà jìnnà sí tábìlì. Ẹ sọ̀rọ̀ ní ohùn tí ẹni méjì nìkan lè gbọ́.
(d) Ẹ sọ ìdí kí ẹ tó bèèrè.
(e) Ọ̀rọ̀ oyún tó bàjẹ́ àti àrùn ìkọ̀kọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì nínú yàrá. Kì í ṣe ti orí tábìlì.
(ẹ) Bí ó bá ní òun kò ní í sọ, ẹ má ṣe fi dandan mú un, ẹ má sì ṣe lé e. Ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Àyè òfìfo sàn ju irọ́ lọ, nítorí nọ́ọ̀sì tó bá rí i yóò tún bèèrè.
(f) Ẹ da ojú ìwé dé. Ohun tí ẹ kà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ bá yín dé ọjà, kò gbọdọ̀ bá yín dé ìpàdé àdúrà pàápàá.

ÒFIN PẸ̀LÚ WÍ BẸ́Ẹ̀

Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, àfi ní àwọn ibi díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀. Òfin kan náà ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún aláìsàn. Nítorí náà, bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ jẹ́ kí ìwé dúró ná. Òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìpamọ́ jù.

Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọmọbìnrin, tìyá-tọmọ wà láàyè. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó wà nínú ìwé náà títí di òní. Bí ó ti yẹ kó rí nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ìbéèrè wo ni wọ́n ti bi ọ́ nílé ìwòsàn rí tí o kò fẹ́ dáhùn? Kí ló fà á?
2. Bí ọkọ bá fẹ́ máa dáhùn fún ìyàwó rẹ̀, kí ni kí a ṣe?
3. Ẹ pín ara yín ní méjì méjì: kí ẹnìkan ṣe aláìsàn, kí èkejì gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jókòó nítòsí: kí ni wọ́n gbọ́?