Ẹni tó yàwòrán yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣọ́lé: Iṣẹ́ méjì tó wà nídìí database

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ọjà rí. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti pa ìwé gbèsè tì, tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kó orúkọ oníbàárà, iye ọjà tó kù àti owó tó wà níta sí. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tò lọ́nà tí kọ̀ǹpútà fi lè tètè wá ohunkóhun jáde nínú rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní database. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nídìí rẹ̀, ẹni tó bá sì da méjèèjì pọ̀ lè pàdánù owó ńlá.

Ayàwòrán

Iṣẹ́ kìíní ni ti database architect. Bí ayàwòrán ilé ló rí: kí bíríkìlà tó to búlọ́ọ̀kù, òun ti mọ ibi tí yàrá àti ilẹ̀kùn yóò wà.

Bí àpẹẹrẹ, ẹnì kan ń ta nǹkan ìkọ́lé n'Íbàdàn. Oníbàárà rẹ̀ ra sìmẹ́ǹtì àwìn lórúkọ "Ìyá Bísí", ó tún ra páànù lórúkọ "Alhaja Bódìjà", lẹ́yìn náà ló rán ọmọ rẹ̀ wá gba ìṣó lórúkọ ọkọ rẹ̀. Ajẹgbèsè mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà yóò kà, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ owó náà. Ayàwòrán ni yóò ní kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Yóò fi àwọn oníbàárà sí ojú ìwé onílà kan tí wọ́n ń pè ní table, yóò fi ọjà sí òmíràn, yóò fi ohun tí wọ́n tà sí ìkẹta, nọ́ńbà yóò sì máa so wọ́n pọ̀. Edgar F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM l'Amẹ́ríkà, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1970.

Alábòójútó

Iṣẹ́ kejì ni ti database administrator. Bí ilé bá ti dúró, òun ló ń ṣọ́ ọ. Òun ló ń pinnu ibi tí ọwọ́ oníkálukú lè dé: ọmọọṣẹ́ tó ń tajà lè kọ ohun tó tà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lè pa gbèsè rẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé òun ló ń ṣe ẹ̀dà àkójọ náà pamọ́, tó sì ń dán an wò bóyá ó ṣeé dá padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitLab, ilé iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí, jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo oníṣòwò. Lálẹ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan fẹ́ nu ohun kan kúrò lórí ẹ̀rọ kejì, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń bá àwọn oníbàárà ṣiṣẹ́ gan-an ló nù. Kó tó dá a dúró, nǹkan bíi 300 GB ti lọ. Wọ́n sáré lọ síbi tí ẹ̀dà yẹ kó wà, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ètò tó ń ṣe ẹ̀dà náà ti ń kùnà, lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kò sì wọlé. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà náà ṣègbé.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà tú àlàyé síta, wọ́n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: kò sí ẹnì kankan tí wọ́n fi yíyẹ ẹ̀dà náà wò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí, ìrètí lásán ni.

Lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún ti di ti òfin. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, sọ pé bí ìsọfúnni àwọn èèyàn bá sọnù tàbí tó jò síta lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 péré ni ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí.

Ọ̀nà tó wọnú iṣẹ́ náà

L'Amẹ́ríkà lọ́dún 2024, ìdajì àwọn alábòójútó ń gbà ju 100,000 dọ́là lọ lọ́dún, ìdajì àwọn ayàwòrán sì ń gbà ju 130,000 lọ. Ìdí tí ti ayàwòrán fi ga ni pé ọ̀pọ̀ wọn ló ti kọ́kọ́ ṣe alábòójútó tàbí iṣẹ́ tó jọ ọ́ fún ọdún bíi mélòó kan. SQL, èdè tí wọ́n fi ń bá database sọ̀rọ̀, ni àkọ́kọ́ ohun tí ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà yóò kọ́. Ọ̀fẹ́ ni PostgreSQL, MySQL náà sì ní èyí tí kò gbowó, nítorí náà laptop kan àti sùúrù tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Oníṣòwò kékeré kò lágbára owó oṣù bẹ́ẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Ó lè san owó fún ayàwòrán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó wá rán ọmọọṣẹ́ tó fọkàn tán lọ kọ́ iṣẹ́ alábòójútó. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ọmọọṣẹ́ náà dá ẹ̀dà padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lójú ọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n sì wo gbèsè oníbàárà mẹ́ta bóyá ó bá ti orí ẹ̀rọ ìsọ̀ mu. Bí ẹnì kan bá sì wá wáṣẹ́, tó ní òun mọ database bí ẹni mowó, ìbéèrè kan tó: "Ìgbà wo lo dá ẹ̀dà padà gbẹ̀yìn?" Ẹni tó bá mọṣẹ́ kò ní kólòlò.