Ẹ Má Pe Àṣàyàn Ní Àkójọ

Alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ni, ní Tẹ̀dé ní Òkè-Ògùn. A ti jẹ àmàlà tán, a gbé àga síta. Kò sí iná mànàmáná, ìlú sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ìró ọ̀kadà láti ọ̀ọ́kán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn ní Ìlú Ọba fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Bàbá, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣe plélísìtì orin Yorùbá tí mo lè máa gbọ́ láàárọ̀ tí mo bá ti ibiṣẹ́ dé, kí ara mi lè wálẹ̀ kí n tó sùn. Èmi náà á pín in fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́."

Orin kò jẹ́ ìṣòro fún mi. Orúkọ tí màá kọ sórí rẹ̀ ni mo rò títí tí mo fi wọlé lọ sùn.

"Àkójọ orin" ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń kó: a ń kó ẹrù, a ń kó pàǹtí, a ń kó àgbàdo wálé láti oko. Ohun tí ọwọ́ bá ṣáà ti bá ni à ń kó. Ọ̀rọ̀ náà bá iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé kọ̀ǹpútà jókòó lẹ́bàá títì mu gan-an. "Ẹ bá mi kó orin sínú káàdì yìí," la máa ń wí fún wọn, wọ́n á sì kó ọgọ́rùn-ún orin sí i, tí ẹni tó ni fóònù kò mọ ìdajì wọn. Àkójọ nìyẹn lóòótọ́. "Àtòjọ" ńkọ́? Ìyẹn sọ bí nǹkan ṣe tẹ̀lé ara wọn, bíi ti orúkọ àwọn olùdìbò. Kò sọ pé ẹnì kan fi ọkàn yàn wọ́n.

Àṣàyàn ni mo fara mọ́. "Ṣà" àti "yàn" ló bí i. Ẹni tó bá gbé Òkè-Ògùn mọ ohun tí ṣíṣà jẹ́. Nígbà òjò, tí èso igi òrí bá ń já bọ́, àwọn obìnrin a máa jí lọ sóko láti ṣa òrí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti jẹrà, wọn kò ní mú un. Iṣẹ́ ìka ni ṣíṣà, iṣẹ́ ojú ni yíyàn. Ẹni tó bá fi orin ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ti ṣe méjèèjì, ó yẹ kí orúkọ tí a fún iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. "Àṣàyàn orin ìtura": ohun tí mo kọ nìyẹn.

Kí ló dé tí n kò kọ "orin fàájì"? Fàájì ń fẹ́ ẹlẹgbẹ́, ó ń fẹ́ oúnjẹ, a sì lè ṣe é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ mọ́jú kò wá fàájì. Ìtura ló ń wá. "Tù" àti "ara" ló wà nínú ìtura, bí "tù" àti "inú" ṣe wà nínú ìtùnú. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ là ń tù nínú. Ẹni tí iṣẹ́ ti lù bolẹ̀ ni orin ń tù lára. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn níbẹ̀ o. "Orin tó ń tuni lára" la ń kọ, láìfi àmì kankan sórí "tu", nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ohùn àárín tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ fún un, "ẹni" ló sì wà nínú "tuni". Ṣùgbọ́n "ó tù mí lára" la ń kọ, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Bí a ṣe ń sọ pé "mo ra fóònù", tí a tún ń sọ pé "mo rà á" nìyẹn.

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ náà lò láìmọ̀ pé iyebíye ni: "kí ara mi lè wálẹ̀." Ara wálẹ̀, ara balẹ̀, ọkàn balẹ̀. Ilẹ̀ ló wà nídìí gbogbo wọn. Bí ẹyẹ bá fò títí, ó dìgbà tó bá bà kí ìyẹ́ rẹ̀ tó sinmi. Àwọn tó ń sọ pé "mo fẹ́ rìláàsì" kò nílò láti yá ọ̀rọ̀ yẹn rárá.

Àṣìṣe kan wà tó ń dùn mí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó dàgbà sí òkè òkun máa ń sọ pé, "Orin yẹn dùn mí gan-an." Ohun tí wọ́n sọ ni pé orin náà bà wọ́n nínú jẹ́! Orin a máa dùn, ó sì máa ń dùn létí. Bí ó bá kan ẹni tó ń gbọ́ ọ, a ó ní "ó dùn mọ́ mi", tàbí kí a ní ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹyọ "mọ́" kan péré ló wà láàárín ìgbádùn àti ìrora. Nígbà tí a sì ti dárúkọ ìgbádùn, "gbọ́" àti "adùn" ló di gbádùn. Kódà nígbà tí a bá ń gbádùn iyán, etí ni èdè wa ṣì fi ń tọ́ ọ wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára jù ni "kọ". Gbogbo nǹkan tó bá ti ẹnu olórin jáde, "ó kọ ọ́" la fi ń pè é báyìí. Orin la ń kọ. Ewì là ń ké. Ẹ̀sà là ń pè. Rárà, ìjálá àti ẹkún ìyàwó, sísun là ń sun wọ́n, "sun" yìí náà ló sì wà nínú sunkún. Nínú ẹgbẹ́ olórin, ẹnì kan á lé orin, àwọn yòókù á gbè é. Nígbà tí Adébóyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde lọ́dún 1966, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ọ̀rọ̀ kan tó bá "sun" mu. Àwa tí a ní in ló ń sọ ọ́ nù. Àlàbí Ògúndépò, ọmọ Ṣakí, kò kọ ìjálá. Ó sun ún ni. Bákan náà ni ti ohun èlò: a ń ta gìtá, a ń fọn fèrè, a ń tẹ dùùrù, a ń lu ìlù. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, "ẹ fi orin sí i" ti tó. Ẹ má kọ "ẹ ṣeré orin".

Nínú àṣàyàn náà, àpàlà Haruna Ishola ni mo fi ṣáájú. Ọdún 1983 ló kú, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, tí kì í kánjú, ṣì lè mú kí èèyàn na ẹsẹ̀. Agídìgbo wà nínú orin rẹ̀, àwọn àgbà sì ti sọ pé bí òwe bí òwe là ń lù ú. Mo fi sákárà Yusuf Olátúnjí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Odòlayé Àrẹ̀mú láti Ìlọrin, àti jùjú I. K. Dáíró, ẹni tí òun àti Haruna jọ dá iléeṣẹ́ àwo orin Star sílẹ̀ lọ́dún 1969. Mo rò ó wò kí n tó fi ìjálá sí i, torí agogo ọdẹ lè jí ẹni tó fẹ́ sùn. Mo fi ẹyọ kan síbẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí i pé ọjọ́ ìsinmi ni kí ọmọ náà gbọ́ ọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ pé òun á "pín in". Iṣu là ń pín, bí mo bá pín in, tèmi á dín. Orin kì í dín. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, "bá mi dà á kọ" là ń wí, a ó mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ fún onírẹ́kọ́ọ̀dù, a ó ka orin tí a fẹ́ fún un, àtèyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àtèyí tó wà lọ́wọ́ wa, odidi ni méjèèjì. Mo kọ̀wé sí ọmọ náà pé kó fi ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí àwọn náà gbọ́ níbẹ̀.

Orin mọ́kànlá ni mo fi ránṣẹ́. Méjìlá ni mo kọ́kọ́ ṣà. Ìkejìlá jẹ́ ẹkún ìyàwó tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú agboolé wa nígbà tí ìyá ọmọ náà ń lọ sílé ọkọ, ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì ní òru yẹn. Mo ro ti yàrá tó ń dá gbé nínú òtútù, mo sì yọ ọ́ kúrò. Ó di ìgbà tó bá wálé.