Sùúrù Ọmọ Tí Wọn Kò Mú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ẹ̀dá ní ìrísí tí ó wù Ú, tí ó ń pèsè arísìkí fún kálukú láti ibi tí kò lérò. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá ọ̀gá wa, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìgbéǹde.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń rán yín létí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, mo sì ń rán ara mi létí rẹ̀ ṣáájú yín.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi dé orí mínbárì lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí yìí. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, bàbá kan nínú wa, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í wọ́n ní sàfù iwájú, mú ìwé kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìrun Iṣáì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ó ti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣàyàn àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Wọn kò wò ó tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi sọ fún un pé ó kúrú, pé ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lọ. Ìwé tí bàbá náà mú wá jẹ́ ìwé ìbúra ọjọ́ ìbí. Ọdún 14 ni wọ́n kọ sí i, ó sì fẹ́ kí n jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó ní, “Àfáà, ẹ má bínú, gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe é.” Mo ní, “Alájì, èmi ni mo ṣe àdúà ìsọmọlórúkọ ọmọ yìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé ọdún tí a sọ ọ́ lórúkọ?” Ó ká ìwé rẹ̀ kò, ó sì lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sàfù ẹ̀yìn ni ó ti ń kírun. Nígbà tí ó padà sí iwájú, mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ náà fún yín láì dárúkọ, ó sì yọ̀ǹda. Kí Ọlọ́hun san án ní ẹ̀san rere.

Mi ò bú bàbá náà. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kò wúlò ni ó mọ bí ó ti ń dunni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fẹ́ ṣe yẹn, ó pè é ní ìgbìyànjú, ó tún pè é ní sùúrù. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Mẹ̀dínà. Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń to àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí Uhud, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó sì dá àwọn ọ̀dọ́ kan padà sílé nítorí pé wọn kò tíì dàgbà tó. Abdullahi ọmọ Umar wà nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀, hádíísì náà sì wà nínú Bukhari àti Muslim: ọmọ ọdún 14 ni òun ní ìgbà Uhud, a kò sì gba òun, nígbà tí ogun Khandaq dé, òun ti di ọmọ ọdún 15, a sì gba òun wọlé. Ẹ rántí pé ọmọ Umar ni. Ta ni ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ ní Mẹ̀dínà bí ti Umar? Ọdún kan péré ni ó kù. Àwa ń yọ ọdún kúrò lára ọmọ. Àwọn ì bá kàn fi ọ̀kan kún un ni. Wọn kò ṣe é. Ọmọ náà padà sílé, ó dúró de ìgbà tirẹ̀. Ẹ sì wo ohun tí Ọlọ́hun fi òtítọ́ yẹn ṣe: nígbà tí Khalifa Umar ọmọ Abdul-Aziz gbọ́ ìròyìn yìí ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó fi ọdún 15 ṣe ààlà láàárín ọmọdé àti àgbà. Ọjọ́ orí tí ọ̀dọ́ kan kò purọ́ nípa rẹ̀ di òfin fún ìjọba.

Àwọn onítàn tún sọ nípa ọ̀dọ́ méjì mìíràn ní ọjọ́ Uhud kan náà. Wọ́n fẹ́ dá Rafi' ọmọ Khadij padà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ fún Ànábì pé ó mọ ọfà í ta, ó gbà á. Samura ọmọ Jundub rí èyí, ó ní bí a bá gba Rafi', òun a máa dá Rafi' bí àwọn bá ja ìjàkadì. Ànábì ní kí wọ́n jà. Samura dá Rafi', òun náà sì wọlé. Samura kò binú lọ, kò parọ́, kò sì wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ní kí a tún òun wò. Ẹni tí ó ń ṣàyàn, tí ó jẹ́ ẹni tí ó ga jù nínú ẹ̀dá, kò sì ka títún un wò sí àbùkù.

Bí àyẹ̀wò Ànábì gan-an bá gba àtúnwò, kí ni kí a wá sọ nípa ti ọkùnrin kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú bírò lọ́wọ́? Ojú ènìyàn ni. Ó lè rí gíga, ó lè rí agbára itan. Kì í rí ohun tí ó wà nínú àyà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mọ N'Golo Kanté ju èmi lọ. Ara Málì ni àwọn òbí rẹ̀, Paris ni wọ́n bí i sí ní 1991, Mùsùlùmí sì ni. Láti kékeré ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ìlú Suresnes, ní ẹ̀gbẹ́ Paris. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ńlá ilẹ̀ Faransé rí i, wọ́n ní ó kéré jù. Títí di òní, kò ga ju mítà 1.68 lọ. Nígbà tí wọ́n ń mú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọmọ ọdún 13 àti 14, Suresnes ni ó wà. Ó ti di ọmọ ọdún 19 ní 2010 kí ó tó lọ sí Boulogne, ẹgbẹ́ kejì wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi í sí. Ní sáà 2012 sí 2013, ìpele kẹta bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Faransé ni ó ti ń gbá a. Ní 2013 ó lọ sí Caen, ní ìpele kejì. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gòkè sí ìpele kìíní. Leicester mú un lọ sí Ìlú Ọba ní 2015. Ní oṣù karùn-ún 2016, Leicester, tí ó jẹ́ pé díẹ̀ ni ó kù kí ó já sí ìpele ìsàlẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú, gba ife líìgì Premier. Ní 2017 ó tún gbà á pẹ̀lú Chelsea. Ní 2018 ó gba Ife Àgbáyé pẹ̀lú Faransé. Ní 2021 ó gba ife Champions League.

Ẹ má kàn ka àwọn ife wọ̀nyẹn. Ẹ ka àwọn ọdún tí kò sí ẹni tí ń wò ó. Àwọn onímọ̀ wa kọ́ wa pé ọ̀nà mẹ́ta ni sùúrù pín sí: sùúrù lórí iṣẹ́ tí Ọlọ́hun pa láṣẹ, sùúrù láti jìnnà sí ohun tí ó kọ̀, àti sùúrù lórí ohun tí ó bá kádàrá wá. Àwa ènìyàn, ẹ̀kẹta nìkan ni a máa ń rántí. Bí wọn kò bá mú ọmọ, a ó ní kí ó ṣe sùúrù, kí ó jókòó. Sùúrù kì í jókòó. Ọmọ tí ó jí ní Àsùbáà, tí ó kírun, tí ó sá eré rẹ̀ kí oòrùn tó mú, tí ó lọ sí ilé-ìwé, tí ó tún padà sí pápá lẹ́yìn Aláásárì, sùúrù ni ó ń ṣe. Ọmọ tí wọ́n gbé ìwé ọjọ́ orí èké lé lọ́wọ́ tí ó kọ̀ ọ́, sùúrù ni ó ṣe. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ti gbígba ìpín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Mi ò ní sọ ìtàn Ànábì Yusuf fún yín lónìí nítorí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn rántí pé nínú ẹ̀wọ̀n gan-an, iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Nínú Leicester kan náà ni Riyad Mahrez wà. Àwọn ará Nàìjíríà kò lè gbàgbé rẹ̀: òun ni ó fi firíkíkì ìṣẹ́jú ìkẹyìn lé wa jáde nínú Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Cairo, oṣù keje 2019. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Sarcelles, ní ẹ̀gbẹ́ Paris, ni ó ti dàgbà. Wọ́n ní ó tín-ín-rín jù. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 15. Ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ìpele kẹrin ní Quimper, lẹ́yìn náà ó dé Le Havre. Ọkùnrin tí ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri fún Leicester, Steve Walsh, lọ sí Le Havre láti wo agbábọ́ọ̀lù mìíràn. Mahrez ni ojú rẹ̀ bà lé. Ẹni tí a kò wá ni a rí. Ṣùgbọ́n ká ní Mahrez ti fi ìbínú kúrò lórí pápá, ta ni ọkùnrin yẹn ì bá rí?

Ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní Waterloo, ní London, ni Ademola Lookman ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí Charlton tó mú un ní ọmọ ọdún 16. Ní 2024 ó gbá góòlù mẹ́ta wọlé nínú àṣekágbá Europa League, wọ́n sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà.

Ní báyìí, ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yín kù. Àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ náà pẹ̀lú òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mú wọn. Irọ́ ni bí mo bá dúró lórí mínbárì tí mo sọ pé ẹni tí ó bá ti ní sùúrù yóò dé Ìlú Ọba. Ọlọ́hun kò ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kanté fúnra rẹ̀, nígbà tí ó wà ní Boulogne, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá kọ̀, iṣẹ́ wà. Ẹ wá ń mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé ní kíláàsì kẹta nítorí pé ẹnì kan ní ó ní ẹsẹ̀ wúrà!

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tí ń pe ara wọn ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù. Òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn nítorí bọ́ọ̀lù, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí ó yọ sílẹ̀, irú bí ìgbà tí àwọn òbí ọmọ bá ṣí lọ nítorí iṣẹ́ tiwọn. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òun yóò gbé ọmọ ọdún 15 lọ sí ẹgbẹ́ ńlá ní Yúróòpù, tí ó ní kí ẹ ta ilẹ̀, kí ẹ mú owó físà wá, ẹ bi í léèrè òfin yìí. Ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ yóò ti rí.

Ní ti ọjọ́ orí èké, láti 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ yẹ egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò nínú ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ. Ìwé lè purọ́, lọ́yà lè fi òǹtẹ̀ lù ú, ṣùgbọ́n egungun yóò jẹ́rìí. Ẹ̀yin tí ẹ gbàgbọ́ nínú Ọjọ́ Ìkẹyìn, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí a ó pa ẹnu mọ́. Àwọn oníbọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láyé. Owó tí ọmọ bá sì rí nípa ọdún tí a jí gé, ṣé hàláálì ni kí ó fi bọ́ àwọn òbí rẹ̀? Ààyè ọmọ ọdún 14 kan tí kò purọ́ ni ó gbà.

Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹ wà láàárín wa, tí ẹ ń kó àwọn ọmọ jọ ní pápá ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́, àmáànà ni àwọn ọmọ yìí jẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ òbí kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ pápá. Èyí tí ó kúrú, èyí tí bàtà rẹ̀ ya, ẹ tún un wò.

Ní oṣù kẹsàn-án 2018, Kanté, tí ó ti gba Ife Àgbáyé nígbà náà, pàdánù ọkọ̀ ojú irin tí ó fẹ́ wọ̀ lọ sí Faransé láti London. Ó yà sí mọ́sálásí kan nítòsí ibùdókọ̀ King's Cross, ó kírun. Ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ pè é wá jẹun nílé, ó sì tẹ̀ lé e lọ, ó bá wọn jẹ ohun tí wọ́n ní. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn ju ti àwọn ife lọ. Ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò kọ ẹlòmíràn.

Ọmọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wà pẹ̀lú wa nínú mọ́sálásí yìí lónìí. Ọdún 17 ni ó ṣì ń kọ sínú ìwé. Ó ń múra ìdánwò WAEC, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré kan ní àdúgbò ní ọjọ́ Sátidé. Wọn kò tíì wá mú un. Bàbá rẹ̀ ra bàtà bọ́ọ̀lù tuntun fún un láti inú owó tí ì bá fún ẹni tí ó kọ ìwé yẹn.

Ọlọ́hun, fún àwọn ọmọ wa ní arísìkí tí ó mọ́, kí O sì fún àwa òbí wọn ní ojú tí yóò fi rí wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.