Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí A Ti Í Wádìí Ọgbọ́n Àwùjọ

Àwọn àgbà a máa wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, wọ́n a sì tún wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, orírun ayé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nínú kọ́mítì ẹgbẹ́, tàbí ti ìjọ, tàbí nínú ìpàdé ẹbí, ti rí i pé àwọn ọlọ́gbọ́n márùn-ún lè forí korí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí wọ́n sì dìde lórí ìpinnu tí kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ìbá ṣe irú rẹ̀ ní òun nìkan. Kí alága tó máa bínú sí àwọn tí ó ń darí, ó yẹ kí ó kọ́ bí a ti í wo àwùjọ tí ó ń ronú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wá ọ̀nà sí ọ̀ràn yìí pẹ́, bí ọ̀nà kan kò sì ti wọ ọjà, oríṣiríṣi ni èyí tí wọ́n gbà.

Ní ọdún 1906, Francis Galton, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ibi àfihàn ẹran ọ̀sìn kan ní ìlú Plymouth, níbi tí àwọn èrò ti ń san sísì kọ̀ọ̀kan láti kọ iye tí wọ́n rò pé ẹran màlúù kan yóò wọ̀n lẹ́yìn tí a bá ti pa á tí a sì ti tún un ṣe. Galton gba àwọn ìwé náà nígbà tí ìdíje parí, 787 sì ni ó ṣeé lò nínú wọn. Ó tò wọ́n láti orí èyí tí ó kéré jù lọ dé orí èyí tí ó pọ̀ jù lọ, ó sì mú èyí tí ó bọ́ sí àárín gbùngbùn, iye rẹ̀ sì jẹ́ 1,207 pọ́ùn. 1,198 ni ẹran náà wọ̀n. Nígbà tí ó kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1907, ó jẹ́wọ́ pé ìdájọ́ àwọn èrò yẹ fún ìgbẹ́kẹ̀lé ju bí a ti lè rò lọ. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé fiyè sí èyí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni kókó wà: olúkúlùkù ni ó dá kọ tirẹ̀, láìjẹ́ pé olórí kan ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún wọn.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Solomon Asch wádìí ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1951. Ó fi akẹ́kọ̀ọ́ kan sí àárín àwọn mìíràn tí òun ti bá dìmọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó ní kí wọ́n sọ ìlà tí gígùn rẹ̀ bá ti ìlà kan dọ́gba, àwọn tí ó bá dìmọ̀ sì jùmọ̀ ń fi ẹnu kan sọ èyí tí kì í ṣe òtítọ́. Nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó tẹ̀lé wọn nígbà kan ó kéré tán, wọ́n ń sẹ́ ohun tí ojú ara wọn rí! Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ tí ó sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ a rí ìgboyà. Lóòótọ́, ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, èyí tí ọmọdé rí kò ní délẹ̀ láéláé.

Ìwádìí tí èmi kà sí pàtàkì jù lọ ni ti Garold Stasser àti William Titus, ní 1985. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹlẹ́ni mẹ́rin mẹ́rin yan ẹni tí ó yẹ sí ipò olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn olùdíje mẹ́ta. Ohun rere tí a mọ̀ nípa ẹni tí ó sàn jù ni wọ́n fọ́n ká, tí olúkúlùkù fi mọ díẹ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Àléébù rẹ̀ sì ni gbogbo wọn jùmọ̀ mọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: bí wọ́n bá da ìmọ̀ wọn pọ̀, ìpinnu wọn ìbá dára. Wọn kò dà á pọ̀. Ohun tí gbogbo wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń tún sọ fún ara wọn, èyí tí ẹnìkan ṣoṣo mọ̀ sì kú sí i nínú, tí wọ́n fi yan ẹni tí kò tó. Ìdí nìyí tí ìpàdé fi lè kún fún ọ̀rọ̀ kí ó má sì kún fún ọgbọ́n.

Ní 2010, Anita Woolley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó 699 ènìyàn jọ sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni méjì títí dé márùn-ún, wọ́n sì gbé onírúurú iṣẹ́ fún wọn. Làákàyè ẹni tí ó mọ̀wé jù kọ́ ni ó fi ọ̀wọ́ tí ó ṣe dáradára hàn, bí kò ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ mọ inú ara wọn láti ojú, tí kò sì sí ẹnìkan tí ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn yòókù lẹ́nu. Àwọn mìíràn ti jiyàn lórí apá kan nínú iṣẹ́ yìí, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán. Edwin Hutchins, onímọ̀ mìíràn, ní tirẹ̀ kò kó ẹnikẹ́ni jọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ó wọ inú ọkọ̀ ogun ojú omi lọ, ó ń wo bí àwọn atọ́nà ọkọ̀ ti ń pín ìṣirò láàárín ara wọn, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1995.

Nítorí náà, ìwọ tí a fi jẹ alága, kó ìwé pélébé fún olúkúlùkù kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ èrò wọn síbẹ̀. Jẹ́ kí ẹni tí ó kéré jù ṣíwájú, kí o sì fi tìrẹ ṣe ìkẹyìn. Bi ẹnìkọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ó mọ̀ tí kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Yan ẹnìkan tí yóò máa ṣàkíyèsí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó dákẹ́, nítorí ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ti ẹgbẹ́ yóò sì bá a dákẹ́ pẹ̀lú. Mo bẹ̀ ọ́, dán an wò ní ìpàdé tí ó ń bọ̀ yìí.