Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Bọ́ílà Inú Ilé

Ní Lọ́ńdọ̀nù àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ílà onígáàsì ló ń mú ọ̀pọ̀ ilé móoru nígbà òtútù. Ẹni tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí òun lè fọwọ́ ara òun tún ṣe, kó sì mọ èyí tí òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Gáàsì ń jó nínú bọ́ílà, iná rẹ̀ sì ń mú omi gbóná. Pọ́ǹpù á ti omi náà gba inú páìpù lọ sínú rédíétọ̀ tó wà lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Irin rédíétọ̀ á gbóná, yàrá á sì móoru. Tí omi náà bá ti ń tutù, á padà sínú bọ́ílà láti tún gbóná. Omi kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀.

Tẹmọ́sítáàtì ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí bọ́ílà sinmi. Ẹ fi sí ààrin dígírì 18 sí 21. Bí ẹ bá gbé e sí 30, ilé kò ní torí ẹ̀ yára móoru. Owó gáàsì ni yóò gun òkè.

Ẹ wo aago omi

Aago kékeré kan wà lára bọ́ílà tó ń fi agbára omi hàn. Nígbà tí bọ́ílà bá tutù, ọwọ́ aago náà yẹ kó wà láàrin 1 sí 1.5. Bó bá kéré sí 1, bọ́ílà lè kọ̀, kó má tàn. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ rọra ṣí ẹnu omi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ aago bá ti dé 1.5, ẹ tì í gbọingbọin. Bó bá tún ń wálẹ̀ lemọ́lemọ́, omi ń jò níbì kan nìyẹn. Ẹ pe oníṣẹ́.

Bí òkè rédíétọ̀ bá tutù

Bí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ bá gbóná tí òkè rẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Ẹ pa bọ́ílà, kí gbogbo rẹ̀ tutù. Ẹ tẹ́ àkísà sábẹ́ ihò kékeré tó wà létí rédíétọ̀ lókè, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yí i díẹ̀ sí òsì. Ẹ ó gbọ́ "ṣììì": afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Gbàrà tí omi bá yọ, ẹ yí i padà. Ẹ tún wo aago omi, torí ó lè ti wálẹ̀.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Ẹ má ṣí ìdérí bọ́ílà. Ẹni tó ń gba iṣẹ́ gáàsì gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Gas Safe Register. Ẹ ní kó fi káàdì rẹ̀ hàn yín. Bí ẹ bá háyà ilé, òfin ní kí onílé mú irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá yẹ bọ́ílà ilé náà wò lọ́dọọdún, kó sì fún yín níwèé ẹ̀rí. Ẹ má bẹ̀rù láti béèrè.

Bọ́ílà tó bàjẹ́ lè tú èéfín olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide sínú ilé. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń pani. Orí fífọ́, òòyì àti èébì wà lára àmì rẹ̀. Ẹ ra aago ìdágìrì rẹ̀ sílé. Bó bá dún, tàbí tí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣáná, ẹ má fọwọ́ kan ṣúìṣì. Ẹ kó gbogbo ará ilé síta, kí ẹ pe 0800 111 999. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ló ń gbé ooru láti inú bọ́ílà lọ sí yàrá?
2. Kí ló fà á tí òkè rédíétọ̀ fi ń tutù?
3. Ẹ lọ wo aago omi ilé yín. Orí nọ́ńbà wo ni ọwọ́ rẹ̀ wà?