Ìkòkò Tí Yóò Jẹ Ata: Bí Aṣáájú Kristẹni Ṣe Ń Dàgbà Nínú Ẹ̀mí

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ẹni tí yóò ṣáájú nínú ìjọ Ọlọ́run náà ní iná tí yóò là kọjá, iná ọ̀hún kì í sì í sábà jó níbi tí èrò wà. Láàárín wákàtí kan péré, ìjọ lè fi ẹnì kan jẹ olùṣọ́-àgùntàn, alàgbà, díákónì tàbí olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́: wọn á gbọ́wọ́ lé e lórí, wọn á ta òróró sí i, wọn á wọ̀ ọ́ láṣọ oyè, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ òróró kì í bu sùúrù sínú ọkàn tí kò ti ní in tẹ́lẹ̀. Oyè kò sì lè sọ olójúkòkòrò di ẹni tí ohun tó ní tó. Ohun tí ènìyàn bá gbé wọ ipò ni ipò yóò gbé jáde kí gbogbo ayé rí i, ìbáà jẹ́ ìbẹ̀rù Ọlọ́run, ìbáà jẹ́ ìlara.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń fi ẹ̀bùn pe èso. Ẹni tó wàásù tí gbogbo ilé dìde dúró, ẹni tó gbàdúrà tí ara aláìsàn yá, ẹni tó dá orin tí omijé bọ́ lójú àgbà, ẹ̀bùn ni gbogbo wọn ń lò, ẹ̀bùn sì lè dé lójijì. Èso ti Ẹ̀mí tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé nípa rẹ̀ sí àwọn ará Gálátíà kì í dé bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́, ìpamọ́ra, ìkóra-ẹni-níjàánu, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń so, ojoojúmọ́ ni a ń tọ́jú wọn, aya àti ọmọ ọ̀dọ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bóyá wọ́n wà tàbí wọn kò sí. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Lórí pẹpẹ, gbogbo ẹni tó wọ aṣọ àlùfáà jọ ara wọn; ìfẹ́ owó, ìbínú àtọdúnmọ́dún, ọgbẹ́ ọkàn tí kò tíì jinná, abẹ́ aṣọ ni wọ́n wà. Ìjọ tó bá ń fi ohùn dídùn yan aṣáájú, ẹ̀yìn aláǹgbá ló ń wò tó fi ń sọ pé inú kò run ún.

Bíbélì kò fi iye àkókò tí iṣẹ́ yìí ń gbà pamọ́. Ogójì ọdún ni Mósè fi da ẹran àna rẹ̀ ní Mídíánì kí Ọlọ́run tó rán an sí Fáráò. Lẹ́yìn tí Sámúẹ́lì ta òróró sí Dáfídì lórí, ìdí àgùntàn ló padà sí. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún kó tó jọba. Pọ́ọ̀lù lọ sí Arébíà lẹ́yìn ìpè rẹ̀, ó sì pé ọdún mẹ́ta kó tó gòkè lọ bá Pétérù ní Jerúsálẹ́mù. Ti Sọ́ọ̀lù ọba ló yẹ kí aṣáájú máa kà léraléra. Ẹni tí ojú ń tì, tó lọ fara pamọ́ sáàárín ẹrù lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í jọba, ni kò lè dúró de Sámúẹ́lì mọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká. Ó rú ẹbọ tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tún ṣẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn Ámálékì, ó jẹ́wọ́ pé ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn ló mú òun, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé ìjẹ́wọ́ náà ni pé ó bẹ Sámúẹ́lì kó ṣáà bu ọlá fún òun lójú àwọn àgbà ìlú. Ìtìjú lásán ló ní nígbà àkọ́kọ́; àwọn ènìyàn pè é ní ìrẹ̀lẹ̀. Kò pẹ́ tí ìtẹ́ fi fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì hàn.

Nínú ìtàn ìjọ nílẹ̀ Yorùbá, ó ṣòro láti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí hàn lára rẹ̀ tó Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé Èkó, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí lọ́dún 1822, kí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó ṣe ìrìbọmi ní oṣù kejìlá ọdún 1825. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1843 tí wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London, iṣẹ́ olùkọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣe: ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, ó ń kọ́ èdè Témínè, ó sì ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí agbára Crowther ti wá, inú ọdún méjìdínlógún yìí ni kó wò.

Ó dé Àgbádárìgì lọ́dún 1845, Abẹ́òkúta ló sì ń lọ, ṣùgbọ́n ogun dí ọ̀nà. Ó tó ọdún kan ààbọ̀ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dúró síbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá kà á sí àkókò tó ṣòfò. Crowther ń wàásù níbi tó wà, ó sì ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn tó ti wọ Abẹ́òkúta, ló tún fojú kan ìyá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lọ́dún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Nígbà tí Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, sì ń rọ̀ ọ́ pé kó di bíṣọ́ọ̀bù, kò kọ́kọ́ gbà. Ìgbà tó yá ló tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà.

Ìgbà ogbó ni iná tó gbóná jù wá bá a. Lọ́dún 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ìṣúná ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere tako bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà lójúkojú, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Crowther kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú ìjọ, kò sì dá ogun sílẹ̀. Ó fara mọ́ ètò kí àwọn ìjọ agbègbè Delta máa ṣàkóso ara wọn láìjáde kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú ní Èkó. Ní ọdún 2014, Justin Welby, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury nígbà náà, tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí sọ Crowther di áńgẹ́lì o. Èkó ló fi ṣe ibùjókòó, àwọn ibùdó ìjọ sì wà káàkiri ẹ̀bá odò Ọya; díẹ̀ lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ìwà pẹ̀lẹ́ kò lè gba ipò àbẹ̀wò. Ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ tí kì í yẹ iṣẹ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ wò, ó ń fi ìwà mímọ́ rẹ̀ bo ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn láìmọ̀. Ìdàgbàsókè inú tó bá jinlẹ̀ yóò fún aṣáájú ní ìgboyà láti béèrè ọ̀rọ̀ tó le lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn.

Ọ̀nà mìíràn ni ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ajíhìnrere ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà fún ìjọba nígbà tí ẹ̀rọ náà dúró lójú ọ̀nà nítòsí Ìkejì-Aràkejì ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ibẹ̀ ló sì ti jẹ́rìí pé òun gbọ́ ohùn tó pe òun. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fò láti orí ohùn náà bọ́ sí ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà ní oṣù keje ọdún 1930. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ṣe pàtàkì gan-an: àwẹ̀, àdúrà, ìpadàsílé sí Òdò-Ọwá níbi tí àwọn kan ti rò pé orí rẹ̀ ti yí, àti ìjókòó lábẹ́ ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ìjọ Faith Tabernacle. Ìsọjí kò sì gbà á lọ́wọ́ ìyà. Lọ́dún 1932, ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Nígbà tí ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi wá fìdí múlẹ̀, Isaac Akínyẹlé, ẹni tó di Olúbàdàn lọ́dún 1955, ni ààrẹ ìjọ, D. O. Ọdúbánjọ sì jẹ́ alábòójútó àgbà. Ipò ajíhìnrere ni Babalọlá wà títí tó fi kú lọ́dún 1959. Ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń wọ́ tẹ̀ lé kò ka jíjókòó lábẹ́ àkóso ẹlòmíràn sí àbùkù. Lójú òǹkọ̀wé yìí, èyí jẹ́ ẹ̀rí ìdàgbàsókè inú ju iṣẹ́ ìyanu lọ.

Ní ti ohun tí aṣáájú lè máa ṣe, àdúrà ni ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a ń gbà nídìí gbohùngbohùn kọ́ ló ń tún inú ṣe. Aṣáájú nílò àkókò kan lójúmọ́ tí kò sí ẹni tó ń ṣe àmín sí i, tí kò bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ìjọ kankan, tó kàn ń jẹ́ kí Ọlọ́run yẹ òun fúnra rẹ̀ wò. Bíbélì kíkà náà rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn oníwàásù kì í ṣí Bíbélì mọ́ bí kò ṣe pé wọ́n ń wá ìwàásù; ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń gba ẹnu wọn kọjá sọ́dọ̀ ìjọ, kò sì dúró lọ́dọ̀ wọn rárá. Ó dára kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú ìwé kan nínú Bíbélì, kó kà á fún oṣù kan, kó sì pinnu pé òun kò ní wàásù láti inú rẹ̀ lóṣù náà. Àwẹ̀ àti orí òkè wúlò. Ṣùgbọ́n àwẹ̀ tí gbogbo ìjọ mọ iye ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èrè rẹ̀ tán.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Aṣáájú tí kò ní ẹnikẹ́ni tó lè sọ fún un pé "ohun tí o ṣe yìí kò dára" wà nínú ewu, bó ti wù kó máa gbàdúrà tó. Dáfídì ní wòlíì Nátánì tó lè bá a wí. Ní ti òde òní, kí aṣáájú wá àgbà kan tí kò sí nínú ìjọ rẹ̀, tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì bẹ̀rù rẹ̀, kó sì máa lọ bá a ní àkókò tí wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Àwọn nǹkan tó yẹ kí àgbà náà béèrè kò pọ̀: báwo ni ilé? Báwo ni owó? Ta ni o ń bá sọ̀rọ̀ tí o kò fẹ́ kí aya rẹ, tàbí ọkọ rẹ, mọ̀? Ta ni o kò tíì dárí jì?

Ọ̀rọ̀ owó kò nílò àlàyé gígùn. Kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta máa ka owó ọrẹ papọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì jẹ́ aṣáájú nìkan ló ń fọwọ́ sí ìwé báǹkì. Ẹni tó bá ní ètò báyìí ń tàbùkù òun, kí ìjọ tún ẹni náà wò dáadáa.

Ìyìn nira láti gbé ju ẹ̀gàn lọ, nítorí kì í dun ni. A kì í gun ẹṣin ká má ju ìpàkọ́. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè wà nípò ọlá kí ara rẹ̀ má mì sí i. Ohun tó ń dín mímì náà kù ni iṣẹ́ tí kò ní ọlá nínú: bíbẹ aláìsàn tí kò lè dá ọrẹ wò, kíkọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ ìsinmi, jíjókòó sáàárín ìjọ lọ́jọ́ kan kí ẹlòmíràn wàásù, láìtún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà. Ilé náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọmọ tó gbọ́ ìwàásù bàbá rẹ̀ lórí ìpamọ́ra ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi yóò wò ó lọ́sàn-án bó ṣe ń dá awakọ̀ tó gbá a lọ́kọ̀ lóhùn.

Ìjọ náà ní ipa tirẹ̀. Ìtọ́ni tí Tímótì gbà ni pé kí a má fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ ṣe alábòójútó, kí ẹni náà sì ní ẹ̀rí rere lọ́dọ̀ àwọn tó wà lóde. Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ yan ènìyàn lè lọ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀, ẹni tó yá a lówó rí, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí. Kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ kékeré tí kò ní orúkọ fún ọdún kan tàbí méjì, kí wọ́n wo bí yóò ṣe ṣe é nígbà tí kò sí ẹni tó ń dúpẹ́.

Èyí tó kù ni bí aṣáájú yóò ṣe gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí inú rẹ̀ ti dàgbà kì í dúró dìgbà tí àìsàn bá dá a dúró kó tó tọ́ àrólé. Ọdún mélòó kan ṣáájú ni yóò ti máa mú ẹni náà dání lọ sí ìpàdé, tí yóò fi ìwé owó hàn án, tí yóò jẹ́ kó ṣe àṣìṣe kéékèèké lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá sì gbé kọ́kọ́rọ́ ìjọ lé e lọ́wọ́, kó kó kúrò nínú ilé ìjọ láàárín àkókò tí wọ́n bá fi fún un, kí àwọn tó bá ń wá a lórí ọ̀rọ̀ ìjọ sì máa gbọ́ ìdáhùn kan náà lẹ́nu rẹ̀: pé kí wọ́n lọ bá olùṣọ́-àgùntàn tó wà níbẹ̀ báyìí.