Ṣé Kí Ẹgbẹ́ Wa Ra Kọ́ìnì Tuntun Yìí?

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kékeré kan ní agbègbè Akanran, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà. Obì àti kòkó ni púpọ̀ nínú wa ń tà. Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì wá bá wa ní ìpàdé. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń ṣe blockchain tuntun kan, wọ́n sì ti ń ta kọ́ìnì rẹ̀. Ó ní gbogbo kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, nítorí náà kò sí gbájú-ẹ̀ níbẹ̀, àti pé bí a bá rà á nígbà tí kò tíì wọ́n yìí, owó wa yóò di ìlọ́po kí ọdún tó yí po. Ọmọ dáadáa ni, a mọ ìyá rẹ̀. Àwọn kan ní kí á kó nínú owó ẹgbẹ́ fún un. Ọkàn mi ò balẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni mò ń dí àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?
— Akápò, Akanran

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú owó ẹgbẹ́. Ẹ má fi owó ẹgbẹ́ ra kọ́ìnì náà. Ẹ má sì lé ọmọ náà, nítorí apá kan òótọ́ wà nínú ohun tó sọ.

Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ owó tó wà lọ́wọ́ yín. Ká ní gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ní ẹ̀dà rẹ̀ nílé, tí ìlà tí ẹ bá kọ sínú tiyín ń wọ inú tiwọn náà. Ká tún ní àmì ojú ewé àná wà lórí ojú ewé òní, débi pé ẹni tó bá pa nǹkan rẹ́ lẹ́yìn yóò ba gbogbo ewé tó tẹ̀lé e jẹ́, tí gbogbo yín yóò sì rí i. Ohun tí blockchain ń ṣe nìyẹn. Ti bitcoin, owó orí ẹ̀rọ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ní ẹ̀dà rẹ̀, ewé tuntun sì ń wọlé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí ara wọn. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto ló gbé àlàyé rẹ̀ jáde ní 2008, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2009. Ó fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á tàbí tún un ṣe, nítorí náà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ yọwọ́, iṣẹ́ ò dúró. Ó wà nínú kóòdù náà pé bitcoin kò ní ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dọ́gbọ́n fi kún un, ojú gbogbo ayé ni yóò ti ṣe é.

Kóòdù tó wà ní gbangba dára, mo gbà fún ọmọ yín. Ibi tó ti ṣì í ni pé gbangba kan náà ló jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè dà á kọ. Ní 2011, Charlie Lee mú kóòdù bitcoin, ó yí díẹ̀ padà, ó di Litecoin. Ní 2013, Billy Markus àti Jackson Palmer fi irú kóòdù bẹ́ẹ̀ ṣe Dogecoin, eré ni wọ́n fi ṣe, àwọn ènìyàn sì ń fowó gidi rà á títí di òní. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa lè da kóòdù kọ, kó sì fún un lórúkọ tuntun láàárín ọjọ́ kan. Nítorí náà ẹ ní kó ṣí kóòdù náà fún yín ní ìpàdé, lórí GitHub, níbi tí àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń kó iṣẹ́ wọn sí. Yóò hàn níbẹ̀ ẹni tó kọ ìlà wo, àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Ẹ bi í: kí ni ẹ fi kún èyí tí ẹ dà kọ? Kọ̀ǹpútà ta ni ó ní ẹ̀dà ìwé náà? Bó bá jẹ́ tirẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì péré ni, àwọn mẹ́ta yẹn lè jókòó tún ìwé kọ. Èyí tí mo kà sí jùlọ nìyí: kọ́ìnì mélòó ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ara wọn kí wọ́n tó máa tà á fún yín?

Ká tilẹ̀ ní ó dáhùn gbogbo rẹ̀ dáadáa, ẹ rántí eNaira, náírà orí ẹ̀rọ. Ilé Ìfowópamọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè wa gbé e jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 2021, orí Hyperledger Fabric ni wọ́n kọ́ ọ lé, kóòdù tó wà ní gbangba ni òun náà. Ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ìwádìí tí IMF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó lágbàáyé, gbé jáde ní 2023 fi hàn pé púpọ̀ jùlọ nínú àwọn wọ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpò owó orí ẹ̀rọ, tí wọ́n ṣí ni ẹnikẹ́ni kò lò. Bitcoin pàápàá tó lé ní 68,000 dọ́là ní oṣù kọkànlá 2021, nígbà tí ọdún fi máa yí po, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 16,000. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni ẹ kó dání, Ìyá wa.

Ọ̀rọ̀ “ìlọ́po” yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. CBEX, iléeṣẹ́ kan tó ní òun ń fi owó àwọn ènìyàn ṣòwò kírípítò, náà ṣèlérí pé owó yóò di méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù kẹrin 2025, owó há, wọ́n tún ní kí àwọn ènìyàn san owó mìíràn kí wọ́n tó lè gba tiwọn. Ìbàdàn yìí náà ni àwọn tí inú ń bí ti ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, tí wọ́n kó àga àti ẹ̀rọ ibẹ̀ lọ. Sogúndogójì ni, orúkọ kírípítò ni wọ́n fi bò ó. N kò sọ pé irú rẹ̀ ni ọmọ yín ń ṣe. Ṣùgbọ́n òfin okòwò ìpín tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní 2025 ti fi irú kọ́ìnì báyìí sí abẹ́ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó okòwò ìpín. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí kò bá tíì ṣe é, kó dáwọ́ títà dúró, nítorí òun gan-an ni òfin yóò kọ́kọ́ mú.

Àgbègbè yín kò kẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àjẹṣẹ́kù. Ọ̀nà-Àrà ni Gbẹdun wà, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó ibẹ̀ sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Nàìjíríà, ní 1937. Nítorí náà, ẹ ka òfin ẹgbẹ́ yín síta ní ìpàdé, kí gbogbo wọn gbọ́ ohun tí ó ní kí á fi owó náà ṣe. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà, kó fi owó ara rẹ̀ rà á, iye tí kò ní dùn ún bó bá sọnù, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀.

Ní ti ọmọ yẹn, bó bá mọ kóòdù lóòótọ́, iṣẹ́ wà fún un tí kò ní kó o sí wàhálà. Ní 2021, Jack Dorsey, ọ̀kan lára àwọn tó dá Twitter sílẹ̀, àti Jay-Z olórin ya bitcoin 500 sọ́tọ̀ fún àjọ Btrust, kí àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà lè máa bá wọn ṣe kóòdù bitcoin. Abubakar Nur Khalil, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ni, wọ́n sì ń fún àwọn tó bá ṣe dáadáa lówó láti máa bá iṣẹ́ náà lọ. Ẹ ní kó wá wọn kàn lọ́sẹ̀ yìí, kó sì bẹ̀rẹ̀ nípa títún ibi tó bàjẹ́ nínú kóòdù ẹlòmíràn ṣe.